Ǹjẹ́ A Lè Fi Òṣùwọ̀n Wọn Ìwà Awakọ̀?

Kò sí ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ èrò rí ní ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé awakọ̀ yàtọ̀ sí awakọ̀. Ọ̀nà kan náà ni, irú ọkọ̀ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ẹnì kan yóò gbé èrò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ bí ẹni gbé ẹyin, ẹnì kejì yóò gbé wọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú àyà tí ń lù kìkì. Nígbà tí ọkọ̀ akérò onípákó kọ́kọ́ dé, kò pẹ́ kí àwọn ènìyàn wa tó sọ ọ́ ní Bọ́lẹ̀kájà, èyí tí í ṣe pé kí á sọ̀ kalẹ̀ kí á wọ̀yá ìjà. Kì í ṣe irin tàbí pákó ni wọ́n fi orúkọ náà pè. Ìwà awakọ̀ àti ti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí a bá wò ó dáradára, orúkọ yìí jẹ́ òṣùwọ̀n tí àwọn baba wa fi wọn ìwà àwọn awakọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ nọ́ńbà kankan sí i lára.

Nísinsin yìí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ nọ́ńbà sí i. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ti ń wá ọ̀nà láti wọn bí ènìyàn ti ń wakọ̀, kí wọ́n sì fi í wé irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ nínú ilé, ní ẹnu iṣẹ́ àti láàárín ẹgbẹ́. Àwọn kan ń yọ̀ sí iṣẹ́ yìí pé ìgbàlà dé. Àwọn kan ń yọ ṣùtì sí i pé ìwé kò lè mọ ohun tí ń bẹ nínú ọkàn. Àwa rò pé ìhà méjèèjì ni ó ń kánjú. Òṣùwọ̀n náà dára, ó sì tó lò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a bá fi lé ni yóò sọ bóyá ire ni yóò ṣe tàbí ibi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, ènìyàn bíi 1,190,000 ni ó kú ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 5 dé 29, kò sí àrùn kan tí ó ń pa wọ́n tó ìjàǹbá ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ọdún 1949, dókítà méjì, Tillmann àti Hobbs, tẹ ìwádìí kan jáde láti ìlú London. Kì í ṣe London ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wà ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà ni. Wọ́n sún mọ́ àwọn awakọ̀ takisí, wọ́n wádìí ìgbésí ayé wọn láti kékeré, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ìjàǹbá wọn pọ̀ ni ó sábà jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti jáde wá kò tòrò, tí wọ́n ń sá ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, tí wọn kò sì lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú orúkọ awakọ̀ 96 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ní ìjàǹbá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì mú orúkọ 100 mìíràn tí kò ní ìjàǹbá rárá. Wọ́n gbé àwọn orúkọ wọ̀nyí lọ sí ilé-ẹjọ́, sí ọ́fíìsì àwọn tí ń tọ́jú aláìní, àti sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ orúkọ onígbèsè sílẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, 66 nínú àwọn oníjàǹbá ni orúkọ wọn ti wà nínú ìwé ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Ti àwọn aláìníjàǹbá kò ju 9 lọ. Ìparí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà ni pé bí ènìyàn ti ń gbé ayé rẹ̀ ni yóò ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀.

Àgbàlagbà Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò mi orí, yóò ní ṣebí òun ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má tíì pàtẹ́wọ́. Orúkọ ta ni ó máa ń wà nínú ìwé onígbèsè àti nínú ìwé aláìní? Orúkọ tálákà ni. Bí tálákà bá ń wa ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti dán bí orí apárí, tí ó sì ń wà á ní òru nítorí pé owó ọ̀sán kò tó, ìjàǹbá rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti olówó tí ń fi ọkọ̀ titun lọ sí ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ìwé ilé-ẹjọ́ kò ní sọ fún wa èwo ni ìwà, èwo ni àìní. Ohun mìíràn tún wà. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá láti ọdún 1931 dé 1936 wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ní ìjàǹbá lemọ́lemọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwọ̀nba kékeré ni ó ti ọwọ́ wọn wá nínú gbogbo ìjàǹbá ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Èyí ni pé bí ìjọba bá tilẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, púpọ̀ nínú ìjàǹbá náà yóò ṣì ṣẹlẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn bí àwa àti ẹ̀yin ni ó ń ṣe é.

Ìlànà tí ó gbọ́n ju ti Kánádà lọ jáde láti Yunifásítì Manchester ní ọdún 1990. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Reason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìbéèrè 50, wọ́n fi bi awakọ̀ 520 léèrè pé báwo ni wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí báyìí sí ní ojú ọ̀nà. Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìrúfin. Ẹni tí ó fẹ́ tan iná ọkọ̀ tí ó wá tẹ ohun tí ń nu ojú gíláàsì, tàbí ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, àṣìṣe ni ó ṣe. Ọkàn rẹ̀ ni ó yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi imú ọkọ̀ tirẹ̀ há ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú kí ìyẹn lè sáré yà fún un, tàbí tí ó ń bá ẹlòmíràn díje ní kété tí iná ojú pópó bá ti yí padà, ìyẹn kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó mọ òfin, ó sì mọ̀ ọ́n mọ̀ rú u ni. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin jẹ́wọ́ ìrúfin ju àwọn obìnrin lọ, àti pé bí ọjọ́ orí ti ń ga ni ìrúfin ń dínkù. Àwọn obìnrin ni ó jẹ́wọ́ jù nínú àwọn àṣìṣe wẹ́wẹ́ tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sì fi hàn pé ìrúfin ni ó bá ìjàǹbá rìn jù.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò tètè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ọmọ tí ó ṣi ìṣirò ṣe àti ọmọ tí ó jí ìwé ẹnìkejì rẹ̀ wò, àwọn méjèèjì lè gba òdo. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá na àwọn méjèèjì ní iye ẹgba kan náà kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èkínní ń fẹ́ àlàyé, èkejì ń fẹ́ ìbáwí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lè wo àṣìṣe sàn. Kò lè wo ìrúfin sàn, nítorí pé arúfin náà mọ ọkọ̀ wà. Nígbà mìíràn ó mọ̀ ọ́n wà ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ, ohun tí ó sì ń kì í láyà láti rúfin gan-an nìyẹn.

Ìwé ìbéèrè tí ó wá so ìwakọ̀ mọ́ ìwà ní tààrà ni èyí tí Orit Taubman-Ben-Ari ti Yunifásítì Bar-Ilan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, pẹ̀lú Mikulincer àti Gillath, tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Gbólóhùn 44 ni ó wà nínú rẹ̀; awakọ̀ yóò fi nọ́ńbà láti 1 dé 6 sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá òun mu tó. Awakọ̀ 328 ni wọ́n fi ìwé náà siwájú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìdáhùn wọn, ọ̀nà ìwakọ̀ mẹ́jọ ni ó yọrí síta: ti ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ọkàn rẹ̀ wà ní ibòmíràn, ti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ti ẹni tí ó fẹ́ràn ewu, ti oníbìínú, ti ẹni tí ń sáré ṣáá nítorí pé àsìkò ń lé e, ti ẹni tí ń wá ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀ lára bí ó ti ń wakọ̀ lọ, ti onísùúrù, àti ti ẹni tí ń ṣọ́ra. Àwọn tí ń lo ìwé náà tún máa ń kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ sí mẹ́rin: aláìbìkítà, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, oníbìínú, àti onísùúrù tí ń ṣọ́ra. Wọ́n ti tún un ṣe fún lílò ní Ajẹntínà, ní Romania àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ètò yìí dùn mọ́ wa nítorí pé kò pín àwọn awakọ̀ sí rere àti búburú bí ẹni ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gba nọ́ńbà nínú ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Onísùúrù lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rìn jìnnà. Ẹni tí kì í bínú rárá lè fẹ́ràn eré àsápajúdé. Ti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni ó yẹ kí a ronú lé lórí jù, nítorí pé àwọn ènìyàn wa kì í kà á sí ewu. Wọ́n a tilẹ̀ máa yìn ín pé ó ń rọra. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì ní àárín ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nítorí pé ọkọ̀ kan fọn fèrè mọ́ ọn, tí tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìrọra rẹ̀ kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ̀kọ́ àti àṣàdánwò ni ó ń wo irú rẹ̀ sàn. Ìyìn kò lè wò ó sàn, èébú kò sì lè wò ó sàn.

Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà mẹ́jọ yìí wé ìwà, ìsopọ̀ wà. Ó wà pẹ̀lú bí ènìyàn ti ka ara rẹ̀ sí, pẹ̀lú bí ó ti fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ tó, pẹ̀lú bí ó ti fẹ́ràn àwùjọ tó, àti pẹ̀lú bí ó ti ń lépa ohun tí ń mú ara gbọ̀n rìrì. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù ní ibi gbogbo. Ní ọdún 1997, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Jonah kó ìwádìí bíi 40 jọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó fi hàn pé ẹni tí ń lépa irú adùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń wakọ̀ léwu jù. Ti ìbínú, Deffenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado ti ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọdún 1994, ohun 33 tí ó lè bí awakọ̀ nínú ni wọ́n sì kọ sí i. Ó dára tí wọ́n yà á sọ́tọ̀. A mọ àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èébú lẹ́nu wọn rí nínú ilé tàbí nínú ìjọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n di ẹkùn ní kété tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ra. A sì mọ àwọn oníjàgídíjàgan ìlú tí ń wakọ̀ bí ìyàwó titun. Ìsopọ̀ wà láàárín ìwà àti ìwakọ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò nípọn tó èyí tí a lè fi de ẹnikẹ́ni.

Àbùkù tí ó tún wà lára gbogbo ìwé ìbéèrè ni pé ẹnu awakọ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn awakọ̀. Ní ọdún 1981, Svenson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà àti ní Sweden léèrè pé kí olúkúlùkù fi ìmọ̀ ìwakọ̀ tirẹ̀ wé ti àwọn yòókù. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, 93 ni ó ní òun mọ̀ ọ́n wà ju ẹni tí ó wà ní agbedeméjì lọ. Ti àwọn ará Sweden jẹ́ 69. Bí 93 bá wà lókè agbedeméjì, ta ni ó kù nísàlẹ̀? Bí a bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí gáréèjì kan ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rù ń bà wá pé a kò ní rí ẹnì 7 tí yóò gbà pé òun wà nísàlẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi pa ẹnu awakọ̀ tì, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Yunifásítì kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ayàwòrán àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn sínú ọkọ̀ 100, wọ́n ṣọ́ wọn fún bí ọdún kan, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé nínú ìkọlù 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 tí ó jẹ́ pé awakọ̀ ti gbé ojú tàbí ọkàn rẹ̀ kúrò ní ọ̀nà ní kété kí ìkọlù tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìbínú ni ó fà wọ́n, kì í ṣe ìgbéraga. Ojú tí kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà ni. Ó yẹ kí èyí dá ẹnu wa dúró kí a tó ní gbogbo ẹni tí ó kọlu ẹlòmíràn jẹ́ ènìyàn búburú. Ó sì yẹ kí ó dá ẹnu dúró fún àwọn tí ń sọ ní ojú òkú pé ayé ni ó ṣe é, tàbí pé Ògún ni ó ń gba ẹ̀jẹ̀, nígbà tí fóònù awakọ̀ ṣì wà ní ìmọ́lẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò sì pé. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ilẹ̀ òkèèrè ń lò ó láti sọ iye tí awakọ̀ yóò san: bí ó ti ń tẹ bíréèkì sí, bí ó ti ń sáré sí, bí ó ti ń yí ọwọ́ sí. Ó dára fún ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Ẹ gbé e wá sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa, kí a rí i. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ń yẹ ihò sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí ó ń tẹ bíréèkì fún ewúrẹ́ àti fún ọmọ tí ń ta omi, ni ẹ̀rọ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláìbìkítà. Ẹni tí ó bá gba inú ihò kọjá láìwo ẹ̀yìn ni yóò gba máàkì.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá jù nìyí. Bí òṣùwọ̀n ìwà bá bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó ni ọkọ̀, wọn yóò rí ohun tí wọn yóò fi di ẹ̀bi ru awakọ̀ nìkan. Gbogbo wa mọ bí iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ti rí. Iye owó kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ ní alaalẹ́, yálà òjò rọ̀ tàbí epo bẹ́tiróòlù gbówó lórí. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀ àti ti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́yìn tí àwọn agbèrò bá ti gba tiwọn ní ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Nítorí náà ni ó fi ń jí ní aago mẹ́rin, tí ó fi ń já ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ nítorí èrò kan ṣoṣo, tí oorun sì fi ń kùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fún irú ọkùnrin yìí ní ìwé ìbéèrè ti Ísírẹ́lì: ní ibi tí a ti ń wọn ẹni tí àsìkò ń lé, nọ́ńbà rẹ̀ yóò kún fọ́fọ́. Ṣé ìwà rẹ̀ ni a wọ̀n, tàbí ìwà ẹni tí ó gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? Ìwé náà kò bi olówó ọkọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní tiwa, kí ẹnikẹ́ni tó fi nọ́ńbà lé orí awakọ̀ èrò, ó yẹ kí a mọ iye tí ń jíṣẹ́ lálẹ́, wákàtí tí ó fi sùn, àti ìgbà tí a pààrọ̀ táyà ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn.

A kò sọ èyí láti fi dá awakọ̀ láre. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ rúfin ní láti rí ìbáwí, tálákà ni tàbí olówó. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣe ni òfin lè mú. Ìwà wà ní ọwọ́ ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ orí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Ìwà ẹnikẹ́ni kò yí padà ní òru ọjọ́ náà. Ìṣe ni ó yí padà, nítorí pé a ti kéde rẹ̀ fún wọn, a kọ́ wọn, a sì dúró tì wọ́n. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, àti nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988 tí ó fi òun kan náà ṣe alága, wọn kò dúró de ìgbà tí àwọn awakọ̀ yóò di ẹni mímọ́. Irin iṣẹ́ tí ń dá eré ọkọ̀ akérò dúró, èyí tí Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọlọ́kọ̀ lò ní ọdún 2016, kì í bi awakọ̀ léèrè pé irú ènìyàn wo ni ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a lò ó níbi gbogbo, kí a má sì jẹ́ kí àwọn kan máa yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀yìn gáréèjì.

Níbo wá ni òṣùwọ̀n ìwà yóò ti wúlò? Nínú ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù. Ìwé ìbéèrè tí awakọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, dà bí dígí. Ẹni tí ó bá rí i pé òun ti kọ 6 sí iwájú gbólóhùn ìbínú márùn-ún léraléra yóò dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó pé kí a kàn túmọ̀ gbólóhùn 44 ti àwọn ará Ísírẹ́lì sí Yorùbá. Àwọn ohun kan ń bí wa nínú tí kò sí nínú ìwé tiwọn. Kí ni awakọ̀ ń ṣe nígbà tí ìyá àgbà kan bá ké láti ẹ̀yìn pé, "Dẹ́rẹ́bà, rọra o"? Ṣé ó ń rọra ni, àbí ó ń fi kún eré láti fi hàn pé obìnrin kò lè kọ́ òun ní iṣẹ́? Kí ni àgbàlagbà ń rò nígbà tí ọmọ kékeré bá fi ọkọ̀ ńlá já a sílẹ̀? Ẹni tí ó bá sọ òótọ́ yóò sọ pé òun kà á sí ìwọ̀sí. Ọ̀pọ̀ sì ni ó ti kú nítorí ìwọ̀sí tí ẹni tí ó fi wọ́n sílẹ̀ kò mọ̀ pé òun fi lọ̀ wọ́n. Irú ìbéèrè báyìí, ẹni tí ó mọ èdè àti àṣà ni ó lè kọ ọ́, àwọn yunifásítì tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó sì ní àwọn tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ó ní òun ń wọ̀n ni ó ń wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ìhà èyíkéyìí tí ẹ lè wà. Ní ọjọ́ ìpolongo ìbò, a máa ń rí ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí orí rẹ̀, tí wọ́n rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n ń lu ara rẹ̀ bí ìlù, tí wọ́n sì ń kígbe pé kí awakọ̀ já ọkọ̀ ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀. Awakọ̀ náà lè jẹ́ onísùúrù ní ọjọ́ mẹ́fà tí ó kù nínú ọ̀sẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 fi hàn pé bí iye èrò inú ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni ewu ikú ń pọ̀ sí i fún awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17. Àwọn ọmọdé nìyẹn o, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìlérí pé òun yóò dá ẹ̀mí àwọn ará ìlú sí kò yẹ kí ó máa fi ariwo gba ìwà rere lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ìwé ìbéèrè Yorùbá kan, kí wọ́n lò ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ àti ní gáréèjì, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Kí wọ́n fún àwọn èrò ní ìwé kan náà kí wọ́n fi sọ bí awakọ̀ ti gbé wọn, nítorí pé èrò mẹ́rìnlá kò lè parọ́ kan náà. Kí wọ́n kọ ti olówó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá sì ń wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ tí ń gbé àwọn aláṣẹ kiri pẹ̀lú fèrè tí ń hu, tí wọ́n ń lé gbogbo ènìyàn wọ inú igbó, ti gba owó oṣù wọn, oorun wọn pé, táyà wọn titun ni. Kò sí ohun tí yóò dí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ lára wọn. Kí a kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, àwọn àti àwọn ọ̀gá tí ó jókòó ní ẹ̀yìn wọn.